ODÒ KÀDÚNÁ KÒ ṢÀJÈJÌ SÍ ÌWÉ: ZUNGERU, WUYA ÀTI ÀWỌN ỌMỌ WA

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi ìlú Kàdúná ṣe ilé, ẹ̀yin tí a bí síbí àti ẹ̀yin tí ọjà, iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ ológun, reluwé tàbí ilé iṣẹ́ aṣọ gbé wá, nínú ìwé ìrántí yìí, odò ìlú wa ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ojoojúmọ́ ni a ń gba orí afárá kọjá lórí omi yìí. Ẹni tó ń gbé Barnawa, Kakuri tàbí Sabon Tasha, tí ọjà tàbí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní òdìkejì, kò lè ṣe kó má rí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. A mọ̀ ọ́n nígbà òjò, nígbà tó bá kún tó ń wọlé onílé. A mọ̀ ọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí òkúta inú rẹ̀ bá yọrí síta. Ọ̀nì ni àwọn Háúsá ń pè ní kada, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé láti ara ọ̀rọ̀ yẹn ni orúkọ odò náà ti wá, kí ìlú tó wá jogún orúkọ lọ́wọ́ odò.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ nípa omi yìí. Ní ìlú kan létí rẹ̀ ni wọ́n ti bí ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé tó lókìkí jù lọ ní Nàìjíríà. Inú omi yìí kan náà sì ni ẹni tí gbogbo Yorùbá gbà ní bàbá ìtàn àròsọ ti bá ayé rẹ̀ parí. Ẹni àkọ́kọ́ ni Dókítà Nnamdi Azikiwe, tí a bí ní Zungeru ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 1904. Ẹnì kejì ni Daniel Olórunfẹ́mi Fágúnwà, tó kú ní Wuya, nítòsí Bida, ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Ìlú méjèèjì wà ní ìpínlẹ̀ Niger lónìí, ìsàlẹ̀ odò tiwa yìí ni àwọn méjèèjì sì wà.

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ sọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò yẹ kí ọmọ wa dàgbà létí odò Fágúnwà kó má lè ka ìwé Fágúnwà. A ó fi ẹsẹ̀ bá omi náà lọ, láti Kàdúná dé Zungeru, láti Zungeru dé Wuya, kí a lè rí ohun tí ó ní í kọ́ wa.

BÍ ZUNGERU ṢE DI OLÚ-ÌLÚ

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900, ní Lokoja, ni Frederick Lugard ti kéde pé ilẹ̀ Àríwá ti wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Lokoja ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ibùjókòó, lẹ́yìn náà wọ́n ṣí lọ sí Jebba. Àwọn méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀ Àríwá, wọ́n sì jìnnà sí Zaria, Kano àti Sokoto. Lugard ń wá ibi tó sún mọ́ àárín ilẹ̀, tí ọkọ̀ ojú omi sì lè gbé ẹrù dé ìtòsí rẹ̀. Zungeru ló mú. Ní ọdún 1902, ìjọba kó débẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé ibẹ̀ nígbà náà kò rọrùn. Ọkọ̀ á gba Odò Ọya gòkè wá, á yà sínú odò Kàdúná, á sì já ẹrù ní Barijuko. Láti Barijuko, ojú irin kékeré kan ni wọ́n ṣe tó ń kó ẹrù àti ènìyàn dé Zungeru. Ojú irin kékeré yìí ti ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Àríwá kí reluwé ńlá tó débẹ̀ rárá.

Ìlú kò lè dúró lórí àwọn òyìnbó díẹ̀ àti ìbọn nìkan. Ìjọba nílò akọ̀wé tó mọ ìwé kọ, ó nílò káfíńtà, birikilà, alágbàfọ̀, agbọ́únjẹ àti oníṣòwò. Ọ̀pọ̀ àwọn wọ̀nyí, láti Gúúsù ni wọ́n ti wá. Wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n gbé ìyàwó dání, wọ́n sì bí ọmọ sí ibi iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ṣe ní Kàdúná.

Lára àwọn tó dé Zungeru ní ọdún 1902 yẹn ni ìyàwó Lugard fúnra rẹ̀, Flora Shaw. Akọ̀ròyìn ni obìnrin yìí kó tó lọ́kọ. Òun ló dá a lábàá nínú ìwé ìròyìn The Times ti ìlú London, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, pé kí wọ́n máa pe ilẹ̀ yìí ní Nàìjíríà. Ara rẹ̀ kò gba ooru Zungeru. Àìsàn gbé e padà sílé láìpẹ́, kò sì fi ibẹ̀ ṣe ilé mọ́. Ní ọdún 1905 ó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ìtàn ilẹ̀ yìí, A Tropical Dependency ni orúkọ rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ẹni tó sọ Nàìjíríà lórúkọ ti tẹ ilẹ̀ Zungeru rí.

ỌMỌ ÀKỌ̀WÉ TÓ Ń SỌ HÁÚSÁ

Ọ̀kan lára àwọn akọ̀wé tó ti Gúúsù wá ni Obed-Edom Chukwuemeka Azikiwe, ọmọ Onitsha, tó ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́. Ní Zungeru ni ìyàwó rẹ̀ ti bí Nnamdi fún un. Àwọn ọmọ tí Nnamdi ń bá ṣeré, Háúsá ni wọ́n ń sọ. Èdè tí òun náà kọ́kọ́ yọ̀ mọ́ lẹ́nu ni Háúsá. Ìgbò, tí í ṣe èdè bàbá àti ìyá rẹ̀, kò já geere lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ bàbá rẹ̀ nínú. Ní ọdún 1912, ó rán ọmọ náà lọ sí Onitsha, lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀, kó lè gbọ́ èdè ilé kó sì mọ àṣà ilé. Lẹ́yìn èyí, ọmọ náà dé Èkó, ó lọ sí ilé ìwé gíga àwọn Wesleyan níbẹ̀, ó sì gbọ́ Yorùbá. Báyìí ni ọmọ kan ṣoṣo ṣe di ẹni tó gbọ́ Háúsá, Ìgbò àti Yorùbá, láìka Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí bàbá náà ṣe dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ tiwa ni. Kì í ṣe pé Háúsá burú. Èdè tó fẹ́ sọnù ni ó lọ wá fún ọmọ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń fi èdè jẹun, tí wọ́n fi ń bá ọmọ wí, tí wọ́n fi ń pàlọ́ lálẹ́, ni ọmọ ti ń gbọ́ ọ. Ọmọ ọdún méje ni Nnamdi nígbà náà tàbí kó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́jọ. Bàbá rẹ̀ kò dúró di ìgbà tó bá dàgbà.

Ohun tí ọmọ náà dà lẹ́yìn ọ̀la, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ó lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1925. Ó kọ ìwé Renascent Africa, ó sì dá ìwé ìròyìn West African Pilot sílẹ̀ ní Èkó, ní ọdún 1937 kan náà. Ìwé ìròyìn yẹn wà lára ohun tó la ọ̀nà òmìnira. Nígbà tó kọ ìtàn ara rẹ̀ ní ọdún 1970, My Odyssey ni ó pe ìwé náà. Zungeru ni ìrìn-àjò náà ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe Azikiwe nìkan ni agbègbè yẹn bí fún ìwé kíkọ. Ní Minna, tí kò jìnnà sí Zungeru, ni wọ́n bí Cyprian Ekwensi sí ní ọdún 1921, ọmọ Ìgbò tó dàgbà láàárín àwọn Háúsá tó sì lọ kàwé ní Government College, Ìbàdàn. Nígbà tó di òǹkọ̀wé, ó kọ̀wé lórí àwọn ará ìlú ńlá, ó sì tún kọ Burning Grass ní ọdún 1962 lórí ìgbésí ayé àwọn Fúlàní darandaran. Zungeru náà ni wọ́n bí Chukwuemeka Odumegwu Ojukwu sí ní ọdún 1933. Òun náà kọ ìwé Because I Am Involved ní ọdún 1989. Ọmọ àwọn tó ti ilé wá ṣiṣẹ́ ni gbogbo wọn. Àjò tí òbí wọn wà kò pa wọ́n lára, ó tilẹ̀ la ojú wọn sí ohun tí ọmọ ilé lè má rí.

BÍ ZUNGERU ṢE FI ÀYÈ SÍLẸ̀ FÚN KÀDÚNÁ

Zungeru ṣì ni olú-ìlú Àríwá nígbà tí wọ́n pa Àríwá àti Gúúsù pọ̀ di Nàìjíríà kan ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1914. Ṣùgbọ́n ọjọ́ rẹ̀ ti ń lọ. Reluwé ti dé, kò sì pọn dandan mọ́ kí olú-ìlú wà níbi tí ọkọ̀ ojú omi lè sún mọ́. Lugard tún wá ilẹ̀ mìíràn, níbi tí ojú irin gbé gba orí odò kan náà yìí kọjá lókè. Ibẹ̀ ni Kàdúná. Láàárín ọdún 1916 sí 1917, ìjọba kó kúrò ní Zungeru, wọ́n sì wá síbí. Olú-ìlú kò kúrò létí odò Kàdúná, ńṣe ló kàn gòkè odò díẹ̀.

Báyìí ni Zungeru ṣe padà di ìlú kékeré. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ yóò rí àwókù ilé ìjọba àtijọ́, yóò rí itẹ́ òkú àwọn òyìnbó tí wọn kò padà sílé, yóò sì rí ibùdókọ̀ reluwé. Ilé ìwé gíga Polytechnic ti ìpínlẹ̀ Niger náà wà níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹ lè rí láìkúrò ní Kàdúná. Nínú ọgbà Gamji, tí wọ́n tún ń fi orúkọ Ọ̀gágun Hassan Usman Katsina pè, afárá onírin kékeré kan wà níbẹ̀ tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ rìn kọjá. Àwọn ọmọ wa a máa ya fọ́tò lórí rẹ̀ nígbà ọdún. Zungeru ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe afárá yẹn sí ní ọdún 1904, ọdún tí wọ́n bí Azikiwe gan-an. Ọdún 1954 ni wọ́n tú u kúrò níbẹ̀ tí wọ́n gbé e wá sí Kàdúná, ní ọdún 1956 ìjọba sì kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ìgbà mìíràn tí ẹ bá gorí rẹ̀, ẹ rántí pé ilẹ̀ Zungeru ni ó ti kúrò.

Àwọn bàbá wa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, reluwé ni wọ́n wọ̀ wá. Ojú irin náà kúrò ní Èkó, ó gba Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀ffà àti Ìlọrin, ó kọjá Odò Ọya ní Jebba, ó gba Mokwa, ó gba Zungeru, ó dé Minna, kó tó wá sí Kàdúná. Nítorí náà, kí bàbá wa tó rí Kàdúná, ó ti kọ́kọ́ gba Zungeru kọjá. Ọmọ Ọ̀ffà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló, ọmọ Ẹ̀gbá, gbogbo wọn ló yọjú lójú fèrèsé ọkọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì ra oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri.

FÁGÚNWÀ NÍ WUYA

Ẹ jẹ́ kí a tún bá omi lọ sísàlẹ̀. Odò Kàdúná kúrò ní Zungeru, ó wọ ilẹ̀ Tápà lọ, ó sì dé Wuya, abúlé kan lójú ọ̀nà tó ti Bida lọ sí Mokwa. Lẹ́yìn Wuya ni ó wá lọ dà sínú Odò Ọya. Ẹni tó bá ti Àríwá bọ̀, tó sì fẹ́ gba Jebba wọ ilẹ̀ Yorùbá, a máa sọdá níbẹ̀.

Òkè-Igbó ni wọ́n bí Fágúnwà sí ní ọdún 1903, ọdún kan ṣáájú Azikiwe. Olùkọ́ ni. Ó kàwé ní St Andrew's College, Ọ̀yọ́, ó sì ṣiṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ní ọdún 1936, ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ìdíje ìwé kíkọ, ó sì kọ ìtàn kan sílẹ̀ fún un. Ìtàn náà ló di Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó dé ní ọdún 1949, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ní ọdún 1954, àti Àdììtú Olódùmarè ní ọdún 1961. Wọlé Ṣóyínká tú ìwé àkọ́kọ́ yẹn sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ti Yorùbá mọ̀ pé dídùn ọ̀rọ̀ náà, ẹnu Yorùbá ló wà.

Àwọn tó jókòó ní kíláàsì ní ilé, láti bí ọdún 1940 wá, mọ ìwé wọ̀nyí bí wọ́n ti mọ ọwọ́ ara wọn. Àwọn bàbá wa tó wọ reluwé wá sí Kàdúná, àwọn mìíràn nínú wọn gbé Fágúnwà sínú àpótí pẹ̀lú Bíbélì tàbí Kùránì. Ohun tó sì wà nínú ìwé wọ̀nyí kò jìnnà sí wa, nítorí ìrìn-àjò ló kún inú wọn. Àkàrà-oògùn fi ilé sílẹ̀, ọba rán òun àti àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Lángbòdó, wọ́n rí ìyà he lọ́nà, wọ́n sì gbìyànjú láti mú ohun tó dára padà wá fún ìlú wọn. Ta ni nínú wa tí kò mọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀?

Nígbà tó di ọdún 1963, Fágúnwà ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì jẹ́ aṣojú ilé iṣẹ́ ìwé Heinemann. Ìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni ó dé etí odò ní Wuya ní oṣù Kejìlá. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sọ ìtàn náà, kùtùkùtù òwúrọ̀ ni, ó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e sọdá. Bí ó ti ń rìn ní bèbè odò, ilẹ̀ ya mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì ṣubú sínú omi. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sílé, Òkè-Igbó ni wọ́n sin ín sí.

Nígbà tí ìròyìn náà tàn, àwọn kan ní àwọn iwin inú ìwé rẹ̀ ló wá mú un. Ènìyàn a máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ẹni ńlá. Lójú tiwa, ohun tó pa á ni ohun tí í máa ń pa arìnrìn-àjò: ilẹ̀ tó rọ̀ létí omi, àti òwúrọ̀ tí ojú kò tíì mọ́ dáadáa. Ọkùnrin tó ń gbé ìwé kiri ni, ẹnu iṣẹ́ ìwé ni ikú sì bá a. Lónìí, afárá ti wà ní Wuya. Ọkọ̀ ń sáré kọjá lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ èrò inú wọn kò sì mọ ẹni tí omi ìsàlẹ̀ gbé lọ.

Ẹ tún wo ọdún náà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1963 ni Azikiwe, ọmọ tí a bí létí odò Kàdúná, di Ààrẹ àkọ́kọ́ fún orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Kò ju oṣù méjì àti díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà tí odò kan náà gbé Fágúnwà lọ.

ILẸ̀ TÁPÀ KÌ Í ṢE ILẸ̀ ÀJÈJÌ

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé Fágúnwà kú sí ilẹ̀ àjèjì kò mọ ìtàn. Tápà ni ilẹ̀ yẹn, Tápà àti Yorùbá sì ti ń fẹ́ ara wọn tipẹ́. Ìtàn àwọn àgbà wa, tí Àlùfáà Samuel Johnson náà kọ sílẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, sọ fún wa pé ọmọ Elémpe, ọba Tápà, ni ìyá Ṣàngó. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí Ìgunnukó ní Èkó, ọ̀dọ̀ Tápà ni ó ti wá. Odò tó ṣàn kọjá lẹ́yìnkùlé wa ní Kàdúná, ilé àwọn àna wa ni ó ń lọ.

Àlejò wa náà kọ́ ni omi yìí nídìí iṣẹ́. Wọ́n ti fi ìsédò dá a dúró ní Shiroro láti fi ṣe iná mànàmáná, ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1990 pẹ̀lú agbára 600 mẹ́gáwáàtì. Ní Zungeru, wọ́n tún kọ́ ìsédò mìíràn tí agbára rẹ̀ jẹ́ 700 mẹ́gáwáàtì. Omi tó ṣàn lábẹ́ afárá wa ní Kàdúná ló ń lọ yí ẹ̀rọ níbẹ̀.

BÍ A ṢE LÈ LỌ

A ń rọ àwọn òbí àti àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa pé kí wọ́n fi ìrìn yìí sínú ètò ọdún wọn. Minna ni ọ̀nà tó dára láti kọ́kọ́ dojú kọ. Láti Minna, Zungeru kò jìnnà, ẹni tó bá sì jí ìrìn kúrò ní Kàdúná lè dé ibẹ̀ kó sì padà lọ́jọ́ kan. Wuya jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀, kó sùn ní Minna tàbí Bida, kó má ṣe fi alẹ́ rìn.

A kò ní tan ara wa jẹ nípa ọ̀nà. Gbogbo wa mọ ohun tí àwọn ajínigbé ti fojú àwọn ènìyàn rí ní àyíká Kàdúná, a kò sì lè gbàgbé ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n kọlù ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022. Kí a tó kó ọmọ sínú bọ́ọ̀sì, kí a bèèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tó ń gba ọ̀nà náà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kí a bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará wa tó wà ní Minna. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà kò dára, kí a dúró. Ọgbà Gamji kò sá lọ. Ẹ mú ọmọ lọ sórí afárá Zungeru tó wà níbẹ̀, ẹ na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ odò, ẹ sì sọ ìtàn yìí fún un.

OHUN TÓ KÙ SÍ WA LỌ́WỌ́

Lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 2000, ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ odò Kàdúná di ààlà. Wọ́n ní Mùsùlùmí ló ni òkè odò, Kristẹni ló ni ìsàlẹ̀. Àwa Yorùbá ni ọ̀rọ̀ yẹn dùn jù, nítorí nínú ilé kan ṣoṣo ni a ti ń rí Alhaji àti Díákónì, ọmọ ìyá kan náà. Àwọn mìíràn nínú wa kó ilé, wọ́n sì fi ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò sílẹ̀ ní òdìkejì. Ohun tó so àwọn ẹbí yìí pọ̀ lórí omi yẹn, kò ju èdè àti ìtàn tí wọ́n jọ ní. Bí èdè náà bá wá kú lẹ́nu àwọn ọmọ, kí ni yóò so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn wa?

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a bí síbí, Háúsá ni wọ́n fi ń ṣeré, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kàwé. Bí a bá fi Yorùbá pè wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi jẹ́. Wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ojú ìwé kan fún wọn nínú Igbó Olódùmarè, ẹ ó rí i pé wọn kò lè kà á. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. A kò fi ìwé náà sílé fún wọn rí.

Bàbá Azikiwe kò rí ilé ìwé kan tí wọ́n ti ń kọ́ Ìgbò ní Zungeru, ó sì wá ọ̀nà. Àwa náà lè wá ọ̀nà, kò sì le. Ẹ ra ìwé Fágúnwà kan ṣoṣo sílé. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí bàbá tàbí ìyá ka ojú ìwé méjì sókè, kí ọmọ máa fojú bá a lọ. Nígbà tó bá di oṣù kẹta, kí ọmọ ka ojú ìwé kan, kí òbí máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò bá yé e, kó bèèrè. Èyí tí kò bá yé àwa náà, kí a fóònù bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà nílé, ìyẹn náà á jẹ́ kí ọmọ mọ ohùn ìyá àgbà rẹ̀. Nígbà ìsinmi gígùn, ẹni tó bá lágbára kó rán ọmọ lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí a má sì ṣe na ọmọ nítorí pé ó ń sọ Háúsá. Háúsá yẹn ni yóò fi bá ará ìlú ṣe, òun ni yóò fi rí ọ̀rẹ́ àti oníbàárà. Ẹ fi Yorùbá kún un fún un, ẹ má gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a bá ṣe èyí, ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì wa bá dúró lórí afárá Wuya, àwọn ọmọ yẹn kò ní máa wo omi lásán. Wọn yóò mọ ẹni tó lọ níbẹ̀, wọn yóò sì lè ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún ara wọn.

Kí Ọlọ́run Ọba dá ilẹ̀ yìí sí, kó tún ọ̀nà wa ṣe, kó jẹ́ kí a máa rìn lọ ká máa rìn bọ̀ láìkọsẹ̀. Èdè Yorùbá kò ní parun mọ́ àwọn ọmọ wa lẹ́nu.